Oyèlárán Wà Nílé Lọ́jọ́ Náà

Ìkẹ́olúwa, ọmọ ọmọ mi, jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ ṣáájú rẹ. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n kọ́ àwa àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìrémọ lọ, bí mo bá ṣì í kọ, fojú fò ó. Ọdún méjìlélógún ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè tú mi fó ti kú, mo lè gbé e lọ sí sàréè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ẹtì tí o ti so ẹ̀jẹ̀ mọ́ mi lápá, n kò lè dákẹ́ mọ́.

O kò lè rántí àìsàn náà, o kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ibà mú ọ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ fi funfun bí ẹ̀kọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ti gbẹ, irú tìrẹ kò sì sí nílẹ̀, kí ẹbí wá ẹni tí yóò fún ọ. Èmi ti ń fura láti ẹnu géètì ọsibítù. Kí ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe tí kò fi sí nílẹ̀? Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò lárùn, bóyá yóò bá tìrẹ mu. Mo ní irọ́ ni, wọ́n fẹ́ gbà á tà ni. Mo fura sí nọ́ọ̀sì, mo fura sí ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé ìgò kékeré kiri, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fura sí jù ni Olúbùnmi, ìyá rẹ. Ó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà nígbà náà, ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń kàwé a máa fi ọ̀kadà gbé e wálé. Ìwọ náà sì pọ́n ju gbogbo ọmọ ilé wa lọ. Bí mo bá ń wẹ̀ ọ́, mo ń wo imú rẹ, mo ń wo etí rẹ, mo ń wá ojú ọmọ mi níbẹ̀. Irú ìyá àgbà wo nìyẹn?

Akínkúnlé, bàbá rẹ, ló kọ́kọ́ na apá. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni láàbù padà dé, ó ní, “Bàbá Ìkẹ́, ẹ má bínú, ẹ̀jẹ̀ yín kò bá tọmọ mu. A ò lè fà á sí i lára.” Ó ń ṣàlàyé lọ, etí mi ti di. Ẹ̀jẹ̀ bàbá kọ ara ọmọ! Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá? Ìyá rẹ na apá tirẹ̀, dókítà kọ̀, torí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ lára rẹ̀ ni, tirẹ̀ gan-an kò tó o. Ló bá kúnlẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, “Màámi, ẹ bá mi lọ pe Bọ̀dá Oyèlárán. Wọ́n ti fún èèyàn lẹ́jẹ̀ rí, irú èyí tí wọ́n ń wá ni tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ yára.” Fóònù kò tíì pọ̀ nígbà náà. Mo ní, “Mo ti ń lọ.”

Oyèlárán, àbúrò ọkọ mi, n kò pè é lórúkọ rí nígbà ayé rẹ̀, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ó wà nílé. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kan ẹsẹ̀ àga kan tó ti yẹ̀. Ó rí mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀: “Ìyàwó wa! Wọ́n ti lé ẹ ní ọsibítù, àbí? Mo mọ̀ pé ẹnu ẹ ò ní jẹ́ kí aláìsàn sinmi.” Ojú rẹ̀ tún yí padà. “Ọmọ ńkọ́? Ṣé kí n máa bọ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.” Ó ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rò ó pé ká wá fa ẹ̀jẹ̀ ilé ọkọ mi sára ọmọ ọlọ́mọ? Mo ní, “Akọ̀wé, jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀. Ara ọmọ ti ń yá.” Ó ní, “Ha, a dúpẹ́ o.” Ó bọ́ bàtà, ó mú òòlù rẹ̀. Ìró òòlù yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Kò tán síbẹ̀. Mo yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Ogbó, mo bá a bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí, Ìkẹ́! Ìwọ ń kú lọ, èmi ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo padà sí ọsibítù, mo ní Akọ̀wé ti lọ sóko. Ìyá rẹ kò bá mi jiyàn. Ó sáré jáde sí géètì, ó ń di àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú láṣọ, títí ọ̀kan tó ń jẹ́ Abdulrazaq fi tẹ̀lé e wọlé, tí tirẹ̀ sì bá tìrẹ mu. Ṣùgbọ́n o ti gan lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀jẹ̀ náà tó wọ ara rẹ. Etí òsì rẹ tí kò gbọ́ràn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ dé ilé, mo pe bàbá rẹ sí kọ̀rọ̀, mo ní ẹ̀jẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni ọ́. Kò pé oṣù kan tí ìyá rẹ fi gbé ọ pọ̀n padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí ọgbẹ́ inú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, o gbé àpò ẹ̀jẹ̀ wọlé, o bi mí lórúkọ, o kà á lára àpò, o tún ní kí nọ́ọ̀sì kà á. Mo ní, “Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?” O dẹ etí ọ̀tún sí mi kí o tó gbọ́. O ní, “Màmá, èmi ni Ìkẹ́. Mo rí orúkọ yín lórí fọ́ọ̀mù ní láàbù wa.” Mo fa apá mi sẹ́yìn, mo ní o ti dé láti gbẹ̀san. O rẹ́rìn-ín: “Ẹni tó fẹ́ pa yín á máa pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta?” O wá jókòó, o ṣàlàyé pé irú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ lo mú, pé ojoojúmọ́ lẹ ń rí bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tọmọ tó bí mu, àti pé bí wọ́n bá fa ti bàbá rẹ sí ọ lára lọ́jọ́ náà, ó lè pa ọ́. O fọwọ́ pa mí lórí, o ní, “Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá. Mo ti dárí jì yín.”

Àìmọ̀ lo dárí rẹ̀ jì mí. Mo mọ̀ pé Oyèlárán wà nílé. Bí mo tiẹ̀ rò pé ọmọ ọlọ́mọ ni ọ́, mo mọ̀ pé ọmọ ni ọ́, mo sì mọ̀ pé o ń kú lọ. Kà á fún bàbá rẹ. Gbé e lọ fún ìyá rẹ ní Ẹdúnàbọ̀n, sọ fún un pé èmi náà ti kúnlẹ̀, bí orúnkún mi kò tilẹ̀ gbà. Ẹtì tó ń bọ̀, wọ́n ní n óò tún gba ẹ̀jẹ̀ kan sí i, o sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ kí o tó so ó. Bí o bá ṣì lè pè mí ní Màmá, pè mí. Bí o kò bá lè pè é, Àníkẹ́ ni kí o pè mí gbẹ́rẹfu, níṣojú gbogbo wọ́ọ̀dù. N óò dáhùn.