Wóró Kékeré Tí Mo Pè ní Fítámì

Ẹ̀yin ará Ìdímù tí ẹ ń pè mí ní Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró títí ẹ ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Zacchaeus ni orúkọ mi. Oògùn ni mo ń tà lẹ́bàá títì, n kò sì jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ oògùn kankan rí. Ohun tí mo mọ̀, inú ìwé pélébé tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn ni mo ti kọ́ ọ. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ rédíò, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ì báà jẹ́ kíndìnrín ènìyàn. Gbogbo yín ti gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni ikú Matilda, ìyàwó Kọ́lápọ̀. Àsìkò tó kí n sọ òótọ́. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ìgbà SAP ni, nígbà tí nǹkan le koko. Ọmọ Èkìtì ni Matilda, tíṣà ni, gbogbo wa la sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn dùn ún títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ni wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọsibítù ńlá kan. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, àmọ́ kò pẹ́ tó padà délé tí ìrora fi tún dé. Kọ́lápọ̀ ló dì í mú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Matilda ní, "Dókítà, wọ́n fún mi ní wóró kékeré kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn. Bí mo bá ti lò ó, oorun ọmọ ọwọ́ ni mo máa ń sùn. Wọ́n wá ń dín in kù, wọ́n ń dín in kù, títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi pátápátá. Kí ni mo fi ṣe wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tíṣà, àwọn dókítà yẹn, ahun ni wọ́n."

Mo mọ oògùn tó ń sọ. Sitẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹran tó yí iṣan ká a máa wú, a máa fún iṣan náà mọ́ eegun, ibẹ̀ sì ni ìrora ti ń jáde. Oògùn yìí ló ń mú wíwú náà rọlẹ̀ kí iṣan lè ráyè mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tún un kà. Ìwé kan náà ló sọ ìdí tí wọ́n fi ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ara wa fúnra rẹ̀ ń pèsè irú rẹ̀. Bí a bá ń fún un láti ìta fún ìgbà pípẹ́, ti inú á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, bí ìsun kànga ṣe ń dí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fa omi rẹ̀ mọ́. Bí a bá wá ṣàdédé dá ti ìta dúró, kò sí ti ìta, kò sí ti inú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀ títí ó fi lè pa ènìyàn. Mo mọ èyí. Ẹ má ṣe gbà mí láyè láti sọ pé n kò mọ̀.

Síbẹ̀, mo kó wóró kékeré náà mọ́ panadó àti fítámì pupa, mo dà wọ́n sínú ọ̀rá, mo fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀.

"Kí lẹ kó síbẹ̀?"

"Fítámì ni, Tíṣà, pẹ̀lú nǹkan tí ń pa ìrora."

Kí ló dé tí n kò dárúkọ rẹ̀? Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ó lè lọ bi dókítà rẹ̀, dókítà á sì ní kí ó má lò ó. Mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ohun tí ọsibítù kò rí ṣe, èmi ṣe é.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Matilda ń nàró rìn, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń wá gba ọ̀rá rẹ̀ déédéé. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ojú rẹ̀ yí po, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Àdíját aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín mà ń dán. Ta ló ń gúnyán fún yín tí ẹ ò pè wá?"

"Bá mi tú ẹ̀gbẹ́ búláùsì yìí jàre. Kò gbà mí mọ́."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u fún yín ni. Aṣọ ò sí nínú ẹ̀ mọ́, àfi kí n gé ṣòkòtò Bùrọ̀dá Kọ́lápọ̀ mọ́ ọn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ń sanra, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn. Èmi nìkan ni mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tín-ín-rín lábẹ́ ojú tó ń kún. Oògùn ló mú ojú rẹ̀ wú, kì í ṣe àlàáfíà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ rí mi nígbà tí mò ń fi ọ̀pá rìn, ẹ wo ojú mi. Ọlọ́run ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Láti òní lọ, n kò lo oògùn kankan mọ́, mo sì ń wọ ààwẹ̀ ọpẹ́ lọ́la."

Alàgbà ni mí, ìjókòó iwájú sì ni mo wà. Mo rántí ohun tí mo kà nínú ìwé pélébé yẹn. Bí mo bá ní kí ó má dá a dúró lójijì, ṣebí á bi mí pé irú fítámì wo nìyẹn. Gbogbo ìjọ ní "Àmín." Tèmi ló dún jù.

Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Dókítà, ẹ ò ní bínú pé mo fi oògùn yín sílẹ̀?"

"Rárá o, Tíṣà. Ọlọ́run ní ń woni sàn."

Láti ọjọ́ náà, mo ń ṣọ́ títì. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, mo rò pé ìròyìn rẹ̀ ló mú wá. Àdíját sọ pé Tíṣà ń bì, pé òòyì ń kọ́ ọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ní ààwẹ̀ ni, ó máa lọ. Mo mú ọ̀rá kan sápò, mo rìn dé iwájú ilé wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà nínú ilé, tí wọ́n ń dúpẹ́ nítorí ìwòsàn. Mo padà sẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Kọ́lápọ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kò bára mu.

"Dókítà, ó ti dákú. Ó wà ní ọsibítù. Ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, omi tí wọ́n ń fà sí i lára kò ràn án. Dókítà ibẹ̀ ní ojú rẹ̀ tó kún yẹn ń fu òun lára. Ó ní kí n bi yín bóyá oògùn wóró kékeré wà nínú ohun tó ń lò. Ó ní bó bá wà, òun mọ ohun tí òun máa ṣe. Ẹ sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́, táàsì ń dúró."

Ike oògùn náà wà lẹ́yìn mi. Mo ro ti ṣọ́ọ̀bù mi tí ìjọba lè tì. Mo ro ti ìjókòó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Fítámì ni, Kọ́lápọ̀. Fítámì àti panadó."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́, ó sáré jáde. Táàsì náà kọ̀, kò tètè ṣáná. Mo dúró, mò ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kọ́. Mo sì mọ ohun tó ń ṣe é, nítorí mo mọ ẹ́ńjìnnì. Ààyè wà fún mi láti rìn lọ síbi fèrèsé rẹ̀. N kò lọ. Nígbà tó ṣáná, mo kó gbogbo ọ̀rá tó kù, mo sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Matilda kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni mo gbàdúrà níbi sàréè rẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún. Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, Kọ́lápọ̀ wọlé tọ̀ mí wá, ó fọwọ́ di ìbàdí mú. Ó ní, "Dókítà, ẹ̀yìn ti ń bá èmi náà jà. Ẹ fún mi ní fítámì tí ẹ ń fún Matilda. Òun nìkan ló fún un ní ìsinmi kó tó lọ."

Ọwọ́ mi kò lè nà sí pẹpẹ. Mo ní kí ó jókòó, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ká ní ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà, ṣé ǹ bá gbé e padà wálé láàyè?"

Ó ń ṣe mí bí ẹni pé kí n ṣàlàyé, kí n ní ara kò dọ́gba, kí n ní ó ti pẹ́ jù. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ò bá gbé e wálé láàyè."

Ó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn mú un. Mo na ọwọ́ sí i.

"Má fọwọ́ kàn mí."

Ó di tábìlì mú, ó gbé ara rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ.

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ti kúrò ní ipò alàgbà. Kọ́lápọ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, n kò sì ní bínú bí o kò bá fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣí kẹ́mísì láti Ìkọ̀tún títí dé àdúgbò Command, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí ẹ kò lè dárúkọ. Bí ẹ bá sì ti fún un, tí ẹnìkan sáré wá bi yín pé kí ló wà nínú rẹ̀, ẹ má ro ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ro ti ojú ayé. Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ onítọ̀hún tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.