Bí Wọ́n Ṣe Bi Àwẹ̀ró Léèrè

Ní ayé àtijọ́, kí bàbá tó bí bàbá mi tó dáyé, obìnrin kan wà ní ìdí òkè tí a ń gbé yìí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Adití ni Àwẹ̀ró. Mo ní adití ni, n kò ní òpè ni o. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nínú yín á dìde kúrò níbí. Àwẹ̀ró ní èdè tirẹ̀, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́.

Epo ni òun àti Fátóún orogún rẹ̀ jọ ń fọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ẹyìn nínú kòtò nígbà náà, ọwọ́ sì ṣófo. Kí ni ọwọ́ tó ṣófo yóò máa ṣe? Yóò máa sọ̀rọ̀! Bẹ́ẹ̀ ni Fátóún, tí etí tirẹ̀ ń gbọ́ kedere, ṣe kọ́ èdè Àwẹ̀ró. Wọ́n á fọwọ́ ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á fọwọ́ jà, wọ́n á fọwọ́ parí ìjà. Nígbà tí Àwẹ̀ró bí Ìbídùn, tí ọmọ náà ya adití bí ìyá rẹ̀, ìyá méjì ló fọwọ́ tọ́ ọ.

Ọkọ wọn kú. Ògúnṣínà, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, wá di olórí ilé. Ó ní kí wọ́n mú Ìbídùn lọ fún ọ̀rẹ́ òun kan ní ọ̀nà jíjìn, kó máa bá wọn gbálẹ̀, kó máa bá wọn pọnmi. Ó ní, "Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ dà nínú ilé?" Ó pe Àwẹ̀ró, ó fẹnu sọ ọ́ fún un. Àwẹ̀ró rí àgbà, ó rí ẹnu tó ń mì. Ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, ó kí i bí ìyàwó ilé ṣe ń kí àgbà. Ni wọ́n bá ní ó ti gbà. Ẹ wo àṣìṣe!

Lọ́jọ́ tí Ògúnṣínà àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá mú ọmọ, Àwẹ̀ró fi ọmọ sẹ́yìn, ó jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, Fátóún ń fẹnu túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ta ló fún yín lọ́mọ òun?"

Ògúnṣínà ní, "Ṣebí mo bi í, ó sì tẹrí ba."

"Ó ní ẹ kò bi òun, kíkí lòun kí yín. Ó ní ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi òun léèrè. Ọjọ́ tí ẹ bá fi èdè òun bi òun, òun á dá yín lóhùn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Fátóún. "Bàbá, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pe ọmọ nínú yín?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn.

Àwẹ̀ró kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Òjò pa á, oòrùn pa á. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tó yá, ojú ti Ògúnṣínà, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ẹyìn, ó ní kí Fátóún kọ́ òun. Àgbàlagbà! Ìka rẹ̀ ti le. Á fẹ́ sọ omi, á sọ ewúrẹ́. Àwọn ọmọdé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀, nítorí ó ṣì fẹ́ mú ọmọ yẹn lọ, kí ẹnikẹ́ni má lè bá òun wí.

Ó wá síwájú Àwẹ̀ró níkẹyìn, ó fọwọ́ bi í pé, ṣé ká mú ọmọ rẹ lọ?

Àwẹ̀ró wò ó lójú. Ó fọwọ́ dá a lóhùn pé, rárá.

Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀. Ògúnṣínà kò lè ní òun kò gbọ́, òun ló bèèrè, wọ́n sì ti dá a lóhùn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, ó yé mi. Ìbídùn bá yọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ kí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì á bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àwọn adití abúlé gbogbo gbọ́ (ojú ni wọ́n fi gbọ́ ọ, ẹ̀yin aláwàdà), wọ́n wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró, wọ́n bímọ, èdè náà sì gbilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ Ilé Àwẹ̀ró, tí a kò jẹ́ Ilé Ògúnṣínà.

Títí dòní, ẹni tó bá wá fẹ́ ọmọ wa, ọwọ́ ni àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń tọrọ rẹ̀, etí ọmọ náà ì báà máa gbọ́. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á padà lọ kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá bàbá yín àgbà padà nítorí tèmi! Bí wọ́n bá sì bèèrè, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn. Bó bá ní rárá, rárá ni.

Ìbídùn ló bí ìyá tó bí bàbá mi. Ká ní wọ́n mú un lọ lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá jókòó síbí nínú wa?