Oògùn Kan Náà Ni

Ìyá Nurat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé oògùn yẹn mì. Nurat, má wulẹ̀ wá àga fún mi, orí ìkúnlẹ̀ ni màá ti sọ ọ́. Òótọ́ kan wà tí mo bò mọ́lẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Bí mi ò bá sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, ó lè pa yín.

Gbogbo Ibafo ló ń pè mí ní Dókítà Kòfo. Ta ló fi mí jẹ dókítà? Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì lásán ni mo ní. Nígbà tí dókítà gidi ní Mowe sọ pé egungun yín ti di ẹlẹgẹ́, tó kọ oògùn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti fítámì fún yín, ọ̀dọ̀ mi lẹ ti rà wọ́n. Ẹ lo ẹyọ kan péré nínú ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, ètè yín wú, ara ń yún yín. Ẹ padà wá, ẹ ní, "Kòfo ọmọ mi, oògùn yìí ò bá ara mi mu o. Ṣé kò sí òmíràn?" Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀, kí ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wà nílẹ̀, ojú sì ń tì mí. Mo ní lọ́kàn mi pé edé lẹ jẹ, pé àgbà kàn ń ṣàròyé ni. Ìgbéraga burúkú!

Ẹ mọ̀ pé a máa ń yọ oògùn kúrò nínú páálí sínú ọ̀rá funfun kékeré, tí kò ní orúkọ lára. Mo lọ sẹ́yìn káńtà, mo yọ oògùn kan náà fún yín, mo ní, "Tuntun ló dé yìí, kò ní yọ yín lẹ́nu." Ẹ tún súre fún mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ lò ó, ojú yín wú dí, èémí ò lọ geere mọ́, wọ́n sáré gbé yín lọ sí Mowe. Nurat pè mí tẹkúntẹkún: "Àǹtí Kòfo, dókítà ń bèèrè, kí lẹ fún màámi?" Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Mo ní, "Fítámì lásán ni." Irọ́ ni! Ọlọ́run yọ yín, ṣùgbọ́n wọ́n fi báírò pupa kọ ọ́ sí káàdì yín pé fítámì ni ara yín kọ̀, pé òun náà ló fa ti àkọ́kọ́.

Lánàá, Nurat wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọ̀rọ̀ mi ran dókítà lọ́wọ́. Ó ní, "Wọ́n ní kí màámi padà sórí oògùn àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọ̀la." Mo mọ ohun tí oògùn yẹn máa ṣe sí yín lára. Ẹnu mi yìí náà ló ní, "Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i." Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn ló burú jù.

Mo ti kọ orúkọ oògùn náà àti ìwà mi sínú ìwé yìí, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹ mú un lọ bá dókítà lónìí. Mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ wà tó lè rọ́pò rẹ̀, àmọ́ àwọn ló mọ èyí tó yẹ yín, kì í ṣe èmi. Nurat, tí o bá fẹ́ gbá mi létí, gbá mi. Ìyá, ẹ foríjì mí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé yìí lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá lẹ fẹ́ pè, òun náà ni ẹ̀rí tí ẹ máa fi hàn wọ́n.