Èmi Ni Mo Da Omi Ewé Náà Nù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má rò pé ìyà ló ń jẹ mí. Alhamdulillahi! Ilé wa tòrò, ebi kò pa wá, edé tí ọkọ mi ń sìn lẹ́yìnkùlé wa ní Maitumbi, ní Minna níbí, sì ti tóbi tó ìka ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí Rámátù, ìyàwó kékeré ọkọ mi, bá ti gbé ọpọ́n aṣọ jáde láti fọ̀, àyà mi a máa já bí ẹni pé ọlọ́pàá ló kan ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ló gba ẹ̀bi.

Ọmọ Ìlọrin ni wá, Minna ni wọ́n bí wa sí. Nígbà tí Alhaji, ọkọ mi, fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ní òun kò ní jókòó máa ka igi àjà, edé lòun máa sìn. Edé, ní Minna! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó lọ kọ́ ọ, ó mọ táńkì sìmẹ́ǹtì, ó ra àwọn ọmọ edé wẹ́wẹ́. Nígbà tí ẹja gbígbẹ tí a ń lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn wá di ọ̀wọ́n gógó ní ọjà Kure, ó tún kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù méjì sínú oòrùn, ó rọ omi àti ajílẹ̀ díẹ̀ sí i, ó sì da omi ewé tó gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ mọ́ ọn, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìwúkàrà sínú ìyẹ̀fun. Kò pẹ́ tí gbogbo omi náà fi di àwọ̀ ewé. Ó ní ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló kún inú rẹ̀, pé oúnjẹ gidi ni fún edé. Yóò jẹ́ kó silẹ̀, yóò fi aṣọ sẹ́ ẹ, yóò po gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wà sóyà àti èérí àgbàdo, yóò sì sá a sóòrùn. Àwọn edé náà ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ dídùn.

Èmi ní tèmi, n kò lè fojú rí ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ kan tí Alhaji lọ sí Bida, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń bọ̀ láti Ìlọrin, mo wo dúrọ́ọ̀mù méjèèjì, ojú tì mí. Kí ni n ó sọ fún un pé a ń tọ́jú? Mo fi ìgbálẹ̀ ha inú wọn, mo dojú wọn dé, mo sì pọn omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara kún wọn. Ṣé n kò mọ ohun tí Alhaji ń fi í ṣe ni? Mo mọ̀. Mo kàn rò pé oòrùn tó ṣe é lákọ̀ọ́kọ́ yóò tún un ṣe ni.

Alhaji dé, ó rí omi funfun, ó káwọ́ lérí. "Haba! Rámátù, ìwọ lo ń fọṣọ níbí. Ọṣẹ rẹ ti ta sí i, ó ti pa á!" Rámátù kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Alhaji." Ojú mi ń wo ilẹ̀. Ìbínú kò jẹ́ kí ọkùnrin náà rí bí inú dúrọ́ọ̀mù ṣe ń dán. Ẹni tó fún un ní irúgbìn omi náà ti kó kúrò ní Minna. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oúnjẹ ti dín kù, edé ti ń kú, Alhaji sì ti kọ oúnjẹ Rámátù. Nígbà tó yá, ó ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Tunga títí inú òun yóò fi rọ̀. Kí n má purọ́ fún yín, ibì kan nínú mi dùn. Ọdún tó ṣáájú ló wọlé dé, n kò sì tíì gbà á tọkàntọkàn.

Rámátù ti di ẹrù rẹ̀ kó tó jáde wá pẹ̀lú ìgò kan, omi ewé sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu. "Alhaji, mo bu díẹ̀ sílẹ̀ nígbà kan. Ojú fèrèsé mi ló wà." Ṣùgbọ́n kó tó gbé e fún un, ó ti ìka bọ inú ìgò náà, ó yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì tó ti ṣẹ́, ó sì ká wọn mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Yéè! Ìgbálẹ̀ mi ni! Nínú omi tí mo dà nù lọ́jọ́ tí mo ha dúrọ́ọ̀mù yẹn gan-an ló ti bu ú. Ó rí mi. Ó rí mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Alhaji ní kó tú ẹrù rẹ̀, omi ewé tún kún dúrọ́ọ̀mù, edé tó ṣẹ́kù sì sanra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí dénú. A jọ ń po oúnjẹ edé, a jọ ń rẹ́rìn-ín, "Ìyá mi" ló ń pè mí. Kò dárúkọ ìgbálẹ̀ rí.

Àmọ́ tó bá ti di Sátidé, Alhaji a ké látinú pálọ̀: "Rámátù, ọṣẹ o!" Òun a dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, Alhaji." Àwọn ọmọ mi, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ti sọ ọ́ ní "Anti Sabulu", ìyẹn Àǹtí Ọlọ́ṣẹ. Gbogbo ilé a bú sẹ́rìn-ín, èmi náà a sì yọ eyín.

Tí mo bá jẹ́wọ́, Alhaji yóò mọ̀ pé mo dúró wo ọmọ ọlọ́mọ nígbà tó ń di ẹrù. Tí mo bá dákẹ́, orúkọ yẹn yóò bá a dalẹ́. Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí ọ̀la ni Sátidé. Rámátù ti rẹ aṣọ sínú ọpọ́n, mo sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ àwọn ọmọ mi ló kún inú rẹ̀.