Ẹni tó fẹ́ háyà ibùsùn

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù méjì yìí, kò pẹ́ lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

"Ṣé máṣìnì ẹ gbé ẹ dé Ìlọrin nígbà tó o gba lííìfù níbi iṣẹ́?"

"Ìlọrin kẹ̀! Ṣágámù ló parí sí. Bí mo ṣe gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì báyìí, àbúrò ìyá mi tó ń gbé níbẹ̀ ti gbọ́. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì máṣìnì, wọ́n so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn. 'Kí ọmọ mi máa háyà ibùsùn, ṣé mo ti kú ni?' Ìkọ́kọrẹ́ ni mò ń jẹ títí lííìfù fi tán."

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó béèrè ọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín títí.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, Jọ́ọ̀sì ni mò ń lọ. Mi ò lẹ́bí níbẹ̀."

Ẹ̀rín tán lójú ọ̀rẹ́ ẹ̀. "Jọ́ọ̀sì tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé? Wàá háyà ibùsùn níbẹ̀? Ṣé mo ti kú ni?"