Dígí Kámẹ́rà fún Ilé Orí Omi

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Araromi nígbà ìjọba òyìnbó, ayafọ́tò àgbà kan ń bá ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wí nítorí dígí kámẹ́rà tuntun rẹ̀.

“Dígí kan ṣoṣo lowó rẹ ká, o wá ra èyí tó ń kó gbogbo àyíká, tó ń sọ èèyàn di èèrà nínú fọ́tò!”

“Ọ̀gá, èyí tó ń fa èèyàn súnmọ́ tí ẹ fẹ́ kí n rà, àfi kí n fẹ̀yìn rìn jìnnà kó tó gba ìdílé kan tán. Orí òpó nilé wa wà. Ẹ̀yìn mi, omi ni.”

“Dúró sínú ọkọ̀ yà wọ́n.”

“Kí ọkọ̀ máa mì, kí ojú ìyá mi di mẹ́rin? Rárá. Òun, ọmọ mẹ́sàn-án, àti ilé tó fi owó ẹja kọ́, n ó yà wọ́n pọ̀. Kí àwọn ará Èkó tí ilẹ̀ wà lẹ́yìn wọn máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”