Ọmọ Tí A Ò Gbọdọ̀ Pè Lórúkọ

Níbi tí a ti ń dúró de kọ̀ǹpútà ní saíbà káfè kan ní Kétu, àwọn ọkùnrin méjì tó ń ṣe wẹ́bsáìtì, tí wọn ò mọra rí, ń sọ̀rọ̀ níwájú mi.

Èyí àgbà ní, "Àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ tí mo máa ń lò láti fi kàlẹ́ńdà àti bọ́tìnnì sórí wẹ́bsáìtì ti bàjẹ́. Àwọn tó ṣe é ò dáhùn mọ́."

Èkejì ní, "Wọ́n ti pa á tì, ọ̀gá. Àwa kan la da kóòdù ẹ̀ kọ, tá a ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kàlẹ́ńdà yẹn gan-an, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tún un ṣe. Ẹ lo tiwa."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ó sọ ọ́. Èyí àgbà yọ ṣùtì. "Ta ló mọ ìyẹn? Ẹ ò bá jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ tá a mọ̀."

"Àwọn tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ní àwọn ló ni orúkọ yẹn, a ò gbọdọ̀ lò ó. Wọ́n sọ ọmọ nù, a gbé e, à ń tọ́ ọ, wọ́n wá ní a ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi. Èyí àgbà mi orí, ó ní ó mà ṣe o. Nígbà tó kàn án, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Orúkọ àtijọ́ yẹn náà ló tẹ̀ láti fi wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.